Igi Ìgbálẹ̀ Ni Wọ́n Fi Kí Mi Káàbọ̀ sí Agége

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ ní ọjọ́ tí mo ti Èkó dé, mo dúró gbọn-in níwájú ìyá mi pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, mi ò kúnlẹ̀, mi ò sì lanu kí i. Ẹ ní oṣù mẹ́ta péré ti tó láti ba ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa jẹ́. Ẹ̀yin ará Ṣakí, pàápàá ẹ̀yin aládùúgbò wa, mo dúró lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dá mi dúró.

Ẹ mọ̀ pé agbára kì í ṣe nǹkan tuntun lára mi. Nídìí gààrí tí ìyá mi ń yan, èmi ni mo máa ń gbé àpò láti ilẹ̀ dé inú ọkọ̀, tí ọkùnrin kankan kì í bá mi fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo wá lọ sí ìdíje gbígbé irin ní Ìbàdàn, mo fa àádọ́jọ kílò kúrò nílẹ̀, mo nàró pẹ̀lú rẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Rẹfirí mẹ́ta ló ń wò mí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tan iná pupa, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn ò kà á. Mo ní ìrẹ́jẹ ni. Mo sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn, mo sọ ọ́ nínú mọ́tò, mo sọ ọ́ nílé títí ìyá mi fi ní kí n jẹ́ kí etí òun sinmi. Àbúrò mi ti fi fóònù mi ya fídíò rẹ̀, mo sì ń tọ́jú fídíò yẹn fún ọjọ́ tí màá fi tú àṣírí wọn.

Lọ́jọ́ náà, bàbá àgbàlagbà kan wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Kóòṣì Músílíù ni wọ́n ń pè wọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní irin gbígbé ní Agége. Wọ́n ní orúnkún mi ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ní bí mo bá lè wá fi oṣù mẹ́ta tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ìdíje àṣàyàn kan ń bọ̀ ní Ìkejà, obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú nínú ìwọ̀n ara kọ̀ọ̀kan lọ sí ibùdó àwọn tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tó bá sì fẹ́ débẹ̀ nínú ìwọ̀n tèmi gbọ́dọ̀ fa àádọ́jọ. Wọn ò ní í gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú.

Ìyá mi gbà kí n lọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan. Bí wọn ò bá tún kà á, kí n padà sídìí agbada, òun ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ irin mọ́ nínú ilé òun.

*Ìkọ́kọrẹ́ àti ẹja méjì*

Ohun tó kọ́kọ́ kí mi ní Agége ni òórùn bisikí. Ilé iṣẹ́ kan ń ṣe é nítòsí, atẹ́gùn a máa gbé e wá láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹni tí ebi ń pa ò ní lè ronú kan nǹkan mìíràn. Ohun kejì ni pé fóònù mi bọ́ lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì fọ́ yángá, ó dúdú. Ẹ̀rí mi kú sínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe ní Computer Village, ọjà fóònù tó wà ní Ìkejà. Mo ti gbọ́ nípa wọn, pé olè pọ̀ nínú wọn. Mo ní ó di ìgbà díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Kóòṣì ni mo dé sí, obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àdúrà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: àbúrò ń kírun, ẹ̀gbọ́n ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Ìyá náà gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, iṣu ewùrà tí wọ́n rin ni, tí wọ́n wá sè pọ̀ mọ́ ata, epo àti ẹja. Mo fi ṣíbí tú u wò dáadáa kí n tó fi kan ẹnu. Ẹja ńlá méjì ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kì í fún èèyàn ní ẹja méjì láìnídìí. Mo jẹ ẹ́ tán, mo dúpẹ́, mo sì sùn pẹ̀lú báàgì mi lábẹ́ orí.

Gààrí wọn kan, ó gbẹ, ó sì kúná. Mo wá àléébù rẹ̀ títí, mi ò rí i. Ìyẹn náà bí mi nínú díẹ̀.

*Igi*

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni jíìmù tí Kóòṣì ti ń kọ́ni ní irin gbígbé, láàárín ilé iṣẹ́ méjì. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kan kì í dákẹ́ lápá ọ̀tún. Mo ti ń retí irin. Kóòṣì fún mi ní igi ìgbálẹ̀, èyí gígùn tí wọ́n ti yọ ìgbálẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ba, kí n dì í mú, kí n fà á dìde títí ara mi yóò fi nà tán, kí n dúró, kí n má gbé e kalẹ̀ àfi bí àwọn bá sọ pé kí n gbé e kalẹ̀.

Mo rò pé fún òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.

Ohun tí wọ́n ń bọ́ kúrò lára mi ni àpò gààrí. Àwa tí a ń gbé àpò, a máa ń fà á dé itan, ká gbé e jókòó sórí itan díẹ̀, ká wá fi ìdí tì í lọ sókè. Níwájú rẹfirí, bí irin bá fi lè jókòó lórí itan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èmi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Kóòṣì á jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n á ní, "Gààrí lò ń gbé yẹn. Tún un ṣe." Wọn kì í pariwo. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pariwo, ì bá sàn fún mi.

Nítòsí mi, Bùkọ́lá ń gbé irin gidi. Ọmọ Agége ni, ó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń di bisikí, ìwọ̀n ara kan náà la sì jọ wà. Ẹ rántí pé obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú. Ní gbogbo àárọ̀, Kóòṣì á bọ́ ẹyin sísè mẹ́fà sínú abọ́ fún Bùkọ́lá, wọ́n á dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Èmi, igi ìgbálẹ̀. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ta ni kò ní í fura? Mo ti wá mọ ìdí tí wọ́n fi gbà mí lọ́fẹ̀ẹ́: wọ́n fẹ́ fi mí pamọ́ sídìí igi títí ìdíje yóò fi kọjá, kí ọmọ wọn lè ráyè. Ọkàn mi bàjẹ́ o. Lálẹ́, màá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, màá máa ka iye ọjọ́ tó kù.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, wọ́n fún mi ní irin lásán, láìfi nǹkan kan kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bùkọ́lá pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rò pé ẹ̀sín ni.

*Àwọn àgbàlagbà*

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbẹ̀. Àwọn ará Agége ń kíni, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn kì í dúró. Wọ́n á ní "Ẹ káàárọ̀ mà," kí o tó dáhùn wọ́n ti dé ẹnu géètì. Àwọn ọmọbìnrin á fọwọ́ kan orúnkún fẹ́ẹ́rẹ́, ó tán. Èmi kò gbà. Níbi yòówù kí n ti pàdé àgbà, orúnkún mi méjèèjì á kanlẹ̀, ì báà jẹ́ lórí sìmẹ́ńtì tútù. Àwọn ìyá inú ọgbà wa ń yìn mí, orí mi sì ń wú. Bí Bùkọ́lá bá ń tẹ̀ díẹ̀ tó ń kọjá lọ, màá wò ó, màá mí kanlẹ̀.

Ìgbà yìí ni Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun. Bí mo bá ti fa irin dìde tí mo nàró, wọ́n á ní kí àgbàlagbà kan wá dúró níwájú mi, kó gbọ́wọ́ sókè, kó máa wò mí lójú. Ìyá Àdúrà ló kọ́kọ́ wá, nínú aṣọ funfun. Wọ́n bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Mo tẹ orúnkún, mo ní "Ẹ káàárọ̀ mà." Kóòṣì ní, "Tún un ṣe." Wọ́n mú bàbá tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ kejì wá. Mo tún tẹ̀. "Tún un ṣe." Wọ́n mú ìyá kan tó ń ta ògì wá, tí eyín wọn ti ká tán, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ni yóò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ tí yóò dúró bí òpó iná?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀rù bà mí. Irú ibo ni wọ́n ti ń kó àgbàlagbà jọ kí ọmọdé lè ṣàfojúdi sí wọn? Lọ́jọ́ kan mo rí ọkùnrin kan tó gbé fóònù sókè sí ọ̀nà tiwa, mo rò pé wọ́n ń yà mí kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí Ṣakí. Mo yá fóònù Ìyá Àdúrà, mo sì pe ìyá mi láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ nítorí ẹni tó ni fóònù ń gbálẹ̀ yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní wọ́n fẹ́ kí n máa wo àgbà lójú láì kúnlẹ̀. Ìyá mi ní kí n ṣọ́ra.

Mo bi Kóòṣì ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ojú líle, pé kí ni ète wọn. Wọ́n ní, "Orúnkún. Mo ti sọ fún ẹ ní Ìbàdàn." Wọ́n tún ń gbèjà àwọn rẹfirí yẹn. Ó wá dá mi lójú pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo pinnu pé màá tún fóònù mi ṣe, màá gbé fídíò náà síwájú gbogbo èèyàn inú jíìmù, lẹ́yìn náà màá di ẹrù mi.

*Ìbéèrè ọkùnrin kan*

Ní Computer Village, gbogbo ẹni tó pè mí ní "Àǹtí mi" ni mo sá fún. Ẹni tí kò pè mí rárá ni mo lọ bá, ọkùnrin kan tó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó dorí kodò sórí tábìlì kékeré lábẹ́ agboòrùn. Mo sọ fún un pé níṣojú mi ni yóò ti ṣe é. Mo fa àga mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí mo bá fẹ́ jí i, ẹ ò ní í rí mi níbí lọ́la." Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìtùnú nìyẹn, mo sì ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí ojú fi ń ta mí.

Nígbà tó fi ojú tuntun sí i tó sì tàn, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá àwòrán àti ohùn ń ṣiṣẹ́. Fídíò mi ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Inú mi dùn. Mo ní kó wò ó, kó rí bí wọ́n ṣe ń rẹ́ni jẹ. Ó wò ó dé òpin, ó dá a padà díẹ̀, ó tún wò ó.

Ó ní, "Àǹtí, bàbá tẹ́ ẹ ń kí yìí, ta ni wọ́n?"

Mo ní, "Bàbá wo?"

"Èyí tó jókòó níwájú yìí. Ẹ gbé irin tán, ẹ wá ń kúnlẹ̀ kí wọn. Àbí bàbá yín ni?"

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti wo fídíò yẹn tó ìgbà tí mi ò lè kà, ṣùgbọ́n irin ni mo máa ń wò, àti iná pupa. Mi ò wo ara mi rí. Mo wá rí i. Rẹfirí àgbà níwájú, bàbá tí irun orí wọn ti funfun, gbọ́wọ́ sókè bí òfin ṣe wí, kí wọ́n lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí irin bá dúró jẹ́ẹ́, èyí tó jẹ́ àmì pé kí n gbé e kalẹ̀. Bí ọwọ́ bàbá yẹn ṣe lọ sókè, orúnkún mi méjèèjì rọ̀, orí mi tẹ̀, ẹnu mi pàápàá ń mì. "Ẹ káàsán sà." Àádọ́jọ kílò ń bẹ lọ́wọ́ mi, mò ń kí àgbà. Òfin sì ni pé orúnkún gbọ́dọ̀ nà gbọnrangandan títí wọn yóò fi ní kí o gbé e kalẹ̀.

Ojú tì mí. Ó tì mí débi pé mi ò lè gbójú sókè wo ọkùnrin náà. Mo ti pe èèyàn mẹ́ta ní olè káàkiri ìlú méjì. Àti pé fún oṣù méjì, nítorí pé mo fura sí àwọn tó ń tún fóònù ṣe, fóònù tó mọ òótọ́ wà nínú báàgì mi, lábẹ́ orí mi, mo ń sùn lé e.

Mo padà sí jíìmù, mo kúnlẹ̀ fún Kóòṣì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo tún bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò làdí rẹ̀ fún mi.

Wọ́n ní, "Mo sọ ọ́. Ìwọ lò ń ṣọ́ ẹnu mi, o ò gbọ́ ohun tó ń jáde níbẹ̀. Dìde, ìyá ológì ti dé."

*Ìdúró*

Ẹ má rò pé ó wá rọrùn. Orí mi ti mọ̀, orúnkún mi ò tíì mọ̀. Ní ọjọ́ kejì mo mọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe, mo tún tẹ̀. Ọjọ́ kẹta, mo tẹ̀. Ìbínú a máa gbé mi, màá fẹ́ ju irin sílẹ̀, Kóòṣì á ní kí n mu omi, kí n tún un ṣe. Ìyá Àdúrà kó àwọn ìyá mẹ́rin wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gbogbo wọn nínú funfun, wọ́n tò síwájú mi, wọ́n ń pe orúkọ mi. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí láti dúró níwájú ìyá márùn-ún tí wọ́n ń kí yín tìfẹ́tìfẹ́, kí ẹ di ẹnu, kí ẹ di orúnkún. Ṣùgbọ́n bí Kóòṣì bá ti ní, "Gbé e kalẹ̀," màá sọ irin kalẹ̀ jẹ́jẹ́, màá sì kúnlẹ̀ fún wọn bó ṣe yẹ, wọ́n á gbàdúrà fún mi. Mo wá kíyè sí i pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Bùkọ́lá máa ń ṣe. Ó máa ń kúnlẹ̀ dáadáa, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ṣófo. Mi ò fìgbà kan dúró wò ó dé ibẹ̀ rí.

*Ìyá olórí funfun*

Gbọ̀ngàn ìdíje náà kò jìnnà sí Maryland, ní Ìkejà. Wọ́n kọ́kọ́ wọn ara wa. Wọ́n pe orúkọ Bùkọ́lá, mi ò gbọ́ ọ nínú ìwọ̀n tèmi. Ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e lókè ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo yíjú sí i. Ó ní, "Sísítà Mojí, ẹ rò pé mo fẹ́ràn ẹyin tó bẹ́ẹ̀ ni? Kóòṣì ní kí n sanra, kí àwa méjèèjì má bàa dí ọ̀nà mọ́ ara wa. Ẹyin ti sú mi." Gbogbo ohun tí mo fura sí láti oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi ẹnikẹ́ni, èsì ìyẹn náà, mi ò gbà á gbọ́. Mo dì mọ́ ọn níbẹ̀.

Mo jáde lọ fa irin, mo sì rí rẹfirí àgbà. Obìnrin ni. Ìyá àgbà olórí funfun, pẹ̀lú ojú ìyá ìyá mi tó ti lọ.  Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé Kóòṣì ló lọ wá ìyá yìí.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń fún èèyàn. Èkíní, àádóje, wọ́n kà á. Èkejì, àádọ́jọ. Ó gòkè, kò kan itan, mo nàró, ìyá gbọ́wọ́ sókè, orúnkún mi òsì mì. Iná pupa méjì, funfun kan. Ó ku ẹyọ kan láàárín èmi àti agbada gààrí. Kóòṣì kò sọ ju "Mu omi, kí o tún un ṣe" lọ.

Mo tún fà á. Ó dìde. Ìyá náà gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń wò mí lójú bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ bi mí bóyá mo ti jẹun. Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé mi sáré wá sínú orúnkún mi. Mo wo ìyá yẹn lójú, mo dúró. Mo dúró. Ọwọ́ wọn wá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, "Dáùn." Mo gbé irin kalẹ̀ jẹ́jẹ́, mo tú ọwọ́ mi, mo sì kúnlẹ̀ lórí pákó níbẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì. "Ẹ káàsán mà." Funfun méjì, pupa kan. Méjì ti tó. Wọ́n kọ orúkọ mi fún ibùdó. Rẹfirí ọwọ́ ọ̀tún tó tan pupa yẹn, mo ṣì fura sí i títí di òní.

*Ilé*

Ìyẹn ni mo fi dé ọ̀dọ̀ yín. Báàgì mi wúwo: gààrí Ìjẹ̀bú tí Ìyá Àdúrà dì fún ìyá mi wà nínú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wọ inú ọgbà wa. Ìyá mi jáde láti ìdí agbada, èéfín ń bẹ lójú rẹ̀, ó sì gbọ́wọ́ sókè láti fi nu ojú.

Ọwọ́ yẹn lọ sókè, orúnkún mi sì nà gbọnrangandan. Kì í ṣe pé mo rò ó. Mo rí i pé ó ń wo orúnkún mi. Mo rí ẹ̀yin náà lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ ohun tí gbogbo yín ń rò, mi ò sì lè tẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá mi dúró, èmi náà dúró, ó pẹ́ gan-an.

Ó wá ní, "Mojísọ́lá, ẹrù yẹn wúwo. Gbé e kalẹ̀."

Ẹ̀yin ti yíjú padà nígbà yẹn, ẹ ti ń lọ ròyìn. Ẹ ò rí i pé báàgì náà kò tíì jókòó tán tí orúnkún mi méjèèjì fi kanlẹ̀ nínú èérún gààrí, níwájú ẹsẹ̀ ìyá mi. Ó ní kí n dìde. Mo ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.